Ilá tí mo sá sínú ọkọ̀ ọkọ mi

Ọkọ mi tó ti ń bú ilá mi láti Mọ́ńdè ti tẹríba lónìí o!

Wọ́n ní òtútù tó máa pa ewéko ń bọ̀ ní Laurel, ìlú òyìnbó tí à ń gbé, ni mo bá yára ká gbogbo ilá ẹ̀yìnkùlé wa. Mo rẹ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ kí n fi ṣe orúnlá. Oòrùn ìgbà yìí ò lè gbẹ ẹ níta, àmọ́ inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì ẹ̀ pa máa ń gbóná bí ààrò. Mo bá gbé àtẹ mi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ mi.

Ariwo ta!

"Ìyá Àmínà, ṣé ọkọ̀ mi lo wá sọ di òrùlé ilé ìyá ẹ?"

Mò ń yí ilá mi padà ní tèmi.

Lọ́sàn-án yìí, mo lọ̀ ọ́, mo fi se ọbẹ̀ pẹ̀lú irú àti panla. Ọkùnrin yìí fìka nu abọ́ mọ́ tónítóní.

"Ó kù?"

"Ó tán."

Ó dìde, ó jáde. Mo yọjú ní fèrèsé: ó ń wa ọkọ̀ ẹ̀ kúrò lábẹ́ igi bọ́ sínú oòrùn! Ó ti gbogbo gíláàsì pa, ó wá pariwo:

"Ìyá Àmínà, gbé àtẹ ẹ wá!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n gbé e lọ, àbí kó kọ́kọ́ pe ìyá mi lórí fóònù, kó bẹ̀ wọ́n?