Ebè Tó Kù Lábẹ́ Igi Igbá

Iṣẹ́ mi ni kí n mú àwọn tó ń ṣàánú jókòó sójú kan náà. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi mí nìyẹn, torí orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ gùn kọjá ohun tí ẹnu lè pè lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ kan ń pín èbù iṣu fún àwọn àgbẹ̀, òmíràn ń pín ewúrẹ́, òmíràn ń ra ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Bí ẹnì kankan ò bá dúró láàárín wọn, gbogbo wọn á kó ẹrù wọn lọ sí abúlé kan náà tó wà létí títì, àwọn tó wà lẹ́yìn òkè á wá máa wòran. Èmi ni mo dúró láàárín. Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé, nínú yàrá méjì kan nísàlẹ̀ àpáta, èmi nìkan.

Ọmọ Arígidì ni mí. A ní èdè tiwa lọ́hùn-ún tí kì í ṣe Yorùbá, ìyá mi nìkan ló sì kù tí mo fi ń bá sọ̀rọ̀, lórí fóònù, láràárọ̀ kí n tó jáde. Nígbà tí wọ́n kú, mo ṣì máa ń jí ní àsìkò yẹn. Màá gbé fóònù, màá wò ó, màá gbé e sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Yorùbá ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo, òyìnbó náà sì ń bẹ fún ìpàdé tó bá le. Ẹnu mi kì í sinmi lọ́sàn-án, àmọ́ tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, ó parí nìyẹn. Ọṣẹ dúdú tí ìyá mi lò kù nígbà tí wọ́n wá kí mi kẹ́yìn ṣì wà nínú ilé ìwẹ̀ mi di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ti gbẹ, ó ti sán. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí mò ń sọ yìí, àgbẹ̀ kan kú ní Ọ̀kà. Inú oko ló ti ṣubú, níbi tó ti ń kọ ebè. Mùsùlùmí ni wọ́n, ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe opó tí wọ́n ń pè ní tákàbà. Oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni, obìnrin náà ò sì ní jáde nílé títí yóò fi pé. Kò ní dé ọjà, kò ní dé oko. Iṣu tí ọkọ rẹ̀ tọ́jú láti fi ṣe èbù, wọ́n ti sè é fún àwọn tó wá ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ebè wà nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ebè tí ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kò sì sí nǹkan kan nínú wọn.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti wá bá a. Ó ní tí ebè yẹn bá ṣófo títí òjò fi rinlẹ̀, òun á fi ẹ̀gẹ́ sí i, kí ilẹ̀ má baà ṣòfò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbin nǹkan sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kí n rí i. Opó náà mọ ohun tó ń bọ̀. Ilẹ̀ yẹn ló fi ń jẹun, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ṣì wà níléèwé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé. Àwọn mẹ́ta ló ní èbù lọ́wọ́ lọ́dún yẹn: Alhaja kan tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mùsùlùmí, díákónì kan tó ń ṣojú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ti Àkúrẹ́ wá, tí owó ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun. Wọ́n káàánú títí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òfin àwọn ni pé ẹni tó fẹ́ gba èbù gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó dúró ti èbù náà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Alhaja ní wọn kì í pe opó jáde, áḿbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Díákónì ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ti ń pín tiwọn, lẹ́yìn ìwàásù. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é o."

Inú bí mi. Mo ní, "Ọlọ́run ti ṣe tiẹ̀, sà. Òjò ti rọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n mu míńírà wọn tán, wọ́n kí ara wọn, wọ́n gbéra. Èmi ni mo kó ìgò òfìfo sínú kéréètì, mo ti fèrèsé, mo sì lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gun òkè Ọ̀kà lọ láti lọ sọ fún obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ ò bọ́ sí i. Mo ti ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ láti Etíoro lójú ọ̀nà. Ìgbà tí mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, èbù ni mo bá níbẹ̀, òkìtì mẹ́ta, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Alhaja ti fi mọ́tò rẹ̀ gbé tirẹ̀ wá, ó ní sàárà ni. Díákónì fúnra rẹ̀ ló gbé tirẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin Àkúrẹ́ ra tirẹ̀ lápò ara rẹ̀, kò sì ya fọ́tò kankan. Kò sí èyí tó sọ fún ẹnì kejì, kò sì sí èyí tó sọ fún mi. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún pé kí àánú má máa kọ lu àánú! Mo bú sẹ́rìn-ín. Opó náà tó jókòó sórí ẹní nínú yàrá rẹ̀ gbọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Màdáámù, ta ló máa gbìn ín?"

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Gbogbo wa ti fún un ní èbù, ẹnì kan ò rántí ọwọ́. Àwọn èbù náà ti ń rú lójú wa níbẹ̀. Tí wọ́n bá pẹ́ sí i nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, wọ́n á rà.

Ọ̀wẹ̀ ló kù, kí èèyàn púpọ̀ wá bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ lóko ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àmọ́ ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jókòó sínú yàrá pè. Ẹni tó pè é gbọ́dọ̀ wà lóko, kó sọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, kó sì bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yó. Opó ò lè ṣe é. Àbúrò ọkọ ò ní ṣe é, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló ń rò. Mo wo àwọn èbù yẹn títí, mo ní, "Èmi á bá yín pè é." Kò sí níbì kankan nínú ìwé iṣẹ́ mi.

Mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé mo mọ ohun tó ṣe níkọ̀kọ̀. Ojú tì wọ́n díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbà. Alhaja kó àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí wá, díákónì kó ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ bàtà òjò dé láti Àkúrẹ́. Oúnjẹ ló kù sí mi lọ́rùn. Ìkòkò ẹnì kan ni mo ní nílé, mo yá ńlá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, mo se ẹ̀wà. Nígbà tó fẹ́ jinná, mo bu díẹ̀ sínú ṣíbí, mo yíjú láti fún ẹnì kan kó bá mi tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo tọ́ ọ wò fúnra mi.

Iṣẹ́ lọ dáadáa. Kò tíì pẹ́ lọ́sàn-án tí wọ́n fi gbìn ín dé ìpẹ̀kun oko, lẹ́bàá igi igbá ńlá kan tí wọ́n ti ń mú irú. Ebè kan wà lábẹ́ igi náà tí kò parí. Wọ́n ti wa erùpẹ̀ jọ lápá kan, apá kejì ṣì tẹ́jú, ojú ọkọ́ ṣì hàn lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣubú sí. Ọ̀kan nínú àwọn ará mọ́ṣáláṣí gbé ọkọ́ sókè.

"Ká parí eléyìí, màdáámù?"

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀."

"Èbù ṣì wà nílẹ̀ o."

"Mo ní kí ẹ fi sílẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa sọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìyá mi fún àwọn ọkùnrin tó dúró sínú oòrùn? Mo ní kí wọ́n wá jẹun. Èbù tó ṣẹ́ kù, àwọn obìnrin ẹ̀yìn òkè la kó o fún.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ opó náà, ó bi mí ní ìbéèrè títí: ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ki èbù bọlẹ̀, bóyá wọ́n fi ewé bo orí ebè. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Èyí tó wà lábẹ́ igi igbá ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà bí ọkọ yín ṣe fi í sílẹ̀."

Ó sunkún. Èmi náà sunkún, mo sì wọ mọ́tò padà sí Ìkàrẹ́.

Ọjọ́ tó ṣí opó, èmi ló ní kí n wá bá òun lọ sóko. Iṣu ti gun ọ̀pá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti wá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé ilẹ̀ ti kún, ó sì gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Obìnrin náà mú ọkọ́ ọkọ rẹ̀ dání àti àgbàdo díẹ̀, torí àsìkò iṣu ti kọjá. Ó ní kí n dúró lójú ọ̀nà. Mo dúró, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mò ń gbọ́ ọkọ́, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń fi èdè Ọ̀kà bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó pẹ́ kó tó parí. Mo jowú rẹ̀, kí n má purọ́.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, ó bi mí pé, "Àǹtí, tí ẹ bá délé, ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní fóònù mi kì í sinmi, Alhaja, díákónì, ọ̀dọ́mọkùnrin Àkúrẹ́, gbogbo wọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ó wò mí. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni mò ń béèrè."