Mọríyámọ̀ Kò Gbójú Sókè

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, yìnyín ń bọ́ lulẹ̀ ní Malton, ìlú òyìnbó tí mò ń gbé báyìí, èmi àti ọmọ ọmọ mi Ṣàkírà jókòó ti ara wa, a ń wo fíìmù àtijọ́ kan, èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun nìkan. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó dé fìlà ń wá ẹni tó pa olówó kan. Bàtà rẹ̀ ń dún kò, kò, kò. Bó ṣe dúró síwájú dírẹ́bà olówó náà, Ṣàkírà fi Gẹ̀ẹ́sì kígbe pé, "Òun ni, Grandma! Kò lè wò ó lójú!" Èmi náà ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé ojú wa dúdú sí fíìmù láyé ìgbà náà o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tíṣà wa fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí gbogbo fèrèsé kíláàsì, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sè wá jinná. Irú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí kan náà la wò. Ó tẹjú mọ́ ọ̀daràn, ọ̀daràn sorí kọ́, ọ̀rọ̀ parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ara mi di ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo tiẹ̀ dé fìlà bàbá mi lọ sílé ìwé, ẹgba ni wọ́n fi bọ́ ọ lórí mi.

Mọríyámọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀, á máa wolẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé. Ta ló jẹ́ tẹjú mọ́ àgbà nígbà yẹn, kí wọ́n má gbá a létí?

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn fíìmù yẹn, aago ọwọ́ Tíṣà sọnù. Wọ́n tò wá, wọ́n ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Mọríyámọ̀, ó kúnlẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò rí i." Mo bá nàka sí i: "Ẹ wò ó sà, kò lè wò yín lójú! Bíi ti inú fíìmù!" Kíláàsì hó yèè. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Wọ́n nà án. Orúkọ olè tẹ̀ lé e délé, bàbá rẹ̀ sì yọ ọ́ kúrò níléèwé, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí abúlé. N kò rí i mọ́ láyé mi. Lọ́jọ́ kẹta, Tíṣà rán mi lọ gba ẹ̀wù wọn lọ́wọ́ alágbàfọ̀, òun ló fi aago náà lé mi lọ́wọ́. Àpò ẹ̀wù ló wà! Tíṣà ní, "Má sọ fẹ́nì kankan o." N kò sì sọ.

Ayé ti yí. Níbí, àwọn ọmọ ń wo tíṣà lójú kòrókòró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wolẹ̀ níwájú ọ̀gá níbi iṣẹ́, wọ́n á ní ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ṣàkírà rí omi lójú mi, mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Grandma, ṣé ẹ sọ fún bàbá rẹ̀?"

Rárá. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, tí n kò lè gbójú sókè, wọ́n á sì máa gbàdúrà fún mi pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mí.