Ìyá Mi àti "Quite a Few"

Ọ̀rọ̀ iye nínú èdè Òyìnbó máa ń bí mi nínú. "Few" ni ohun tí kò tó nǹkan. "A few" ni díẹ̀ tó ṣeé mú relé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lè fi "quite" ṣíwájú rẹ̀, ó di púpọ̀ nìyẹn! Ibẹ̀ ni mo dé lọ́jọ́ kan tí mò ń kọ́ ìyá mi ní Gẹ̀ẹ́sì nílé wa n'Ìwó, tí wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín.

"Àwọn Òyìnbó yìí ò wá mọ ìgbà tí nǹkan pọ̀ ni?"

Nígbà tó di ọjọ́ iléyá, ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ Òyìnbó wálé. Àwọn ọmọ-ọmọ ìyá mi ń sáré kiri àgbàlá, eruku ń sọ lálá. Ni àlejò bá bi ìyá mi pé ọmọ-ọmọ mélòó ni wọ́n ní. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ìyá mi gan-an kì í sì í ka tiwọn. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní:

"Quite a few."

Díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Àfi bí àlejò wa ṣe na ìka, tó fẹ́ máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó kan ọmọ kejì, ìyá mi ti ki itan àgbò gbígbóná sí i lọ́wọ́.

"Máa jẹun, ọmọ mi."

Ìka tó fẹ́ fi kàwọn ọmọ ló fi di eegun mú.