Ẹ̀kán Oògùn Bàbá Mi

Iṣẹ́ mi ni láti wá ìdí tí oògùn ojú kan náà fi ń ran ẹnì kan tí kò sì ní ran ẹlòmíràn. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ó máa ń dún bí ohun ńlá. Ohun tí mo ń ṣe gan-an lójoojúmọ́ ni pé mo ń jókòó sí ilé àyẹ̀wò wa ní Àjàṣẹ́, mò ń da ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sínú ìgò kéékèèké, mò ń kọ nọ́ḿbà sí wọn lára, mo sì ń bá firíìjì jà nígbàkigbà tí iná bá lọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé inú mi máa ń dùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èyí tí ọkọ mi sọ pé kò bójú mu rárá.

Glókómù ni àrùn tí mò ń lé kiri. Omi inú ojú á máa fún mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, á máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Kì í dun èèyàn. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran wọlé, nítorí náà ẹni tó ní in á ṣì máa kàwé, á ṣì máa dá èèyàn mọ̀, títí ọjọ́ tí ọ̀kadà zémìjàn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a, tí kò sì ní mọ ibi tó ti yọ. Èyí tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Oògùn tí à ń kán sójú kàn lè dáàbò bo ìyókù ni.

Bàbá mi ní in. Aránṣọ ni wọ́n ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, láti ìgbà tí mi ò tíì dé ayé. Èmi tí mò ń wo ojú ọmọ ọlọ́mọ kiri, mi ò wo ti bàbá mi títí ojú ọ̀tún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ìtìjú yẹn kò tíì kúrò lára mi. Ojú òsì ló kù. Òun ni bàbá mi fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá wọn kì í. Mo búra pé ojú òsì yẹn kò ní lọ. Dókítà ní kí wọ́n máa kán oògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi fúnra mi sì ni mò ń lọ gbà á ní fàmasí.

Oṣù kìíní kọjá, omi inú ojú náà kò rọlẹ̀. Oṣù kejì, kò rọlẹ̀. Ní oṣù kẹta, ó tún le sí i.

Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, ṣé ẹ̀ ń kán an ṣá?”

“Mò ń kán an o. Ṣé o kì í rí i pé ìgò ń ṣófo ni?”

Òótọ́ ni, ìgò ń ṣófo. Oṣù kì í tilẹ̀ í parí kó tó gbẹ. Mo gbà pé bàbá mi wà lára àwọn tí oògùn náà kò ràn. Mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn, mo kọ wọ́n mọ́ àwọn yòókù tí mo ti kó jọ sí apá yẹn nínú ìwé ìwádìí mi. Kí n má purọ́, apá kan lára mi yọ̀ pé mo tún rí ẹnì kan sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lórí ojú kan ṣoṣo tó kù yẹn, mo ti ilẹ̀kùn ilé àyẹ̀wò mọ́ra, mo sì sunkún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, iná lọ, mo tètè ṣíwọ́, mo gba Djègan-Kpèvi lọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán ni. Àwọn àgbàlagbà márùn-ún jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, gbogbo wọn gbé orí sẹ́yìn, wọ́n la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀. Bàbá mi sì ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn pẹ̀lú ìgò oògùn lọ́wọ́.

“Ẹ la ojú dáadáa, Alájì. Ẹ má pa á dé.”

Nígbà tí bàbá mi kán ti ẹni karùn-ún tán, wọ́n dorí ìgò náà kodò sójú òsì tiwọn, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Bàbá mi fọwọ́ nu ojú gbígbẹ náà, wọ́n ní, “Alihamudulilahi.”

Mo pariwo. “Bàbá! Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?”

“Áà, o ti dé! Ẹ wò ó, òun nìyí, ọmọ mi tó ṣe oògùn náà.”

Àwọn márààrún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, omi oògùn ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Ẹ sọ ohun tí èèyàn lè fi ìbínú ṣe níbi tí wọ́n bá ti ń ṣàdúrà fún un. Mi ò ṣe oògùn kankan rí láyé mi. Mo kàn sọ fún bàbá mi nígbà kan pé mò ń ṣiṣẹ́ lórí oògùn ojú, wọ́n sì ti fi ọkàn ara wọn parí ìyókù. Lójú tiwọn, oògùn ilé wa ni, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe lè dá a lò.

“Kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ kán tiyín?”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ìta ni wọ́n ti tọ́ mi. “Èmi tí mo pe èèyàn jókòó, kí n wá ṣaájú wọn? Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?”

Ẹnu mi wá là. Mo ní ẹnu ìgò kan ṣoṣo tó ń fara kan ojú èèyàn mẹ́fà, àrùn ló ń pín. Mo ní oògùn yẹn lè mú kí àyà túbọ̀ há mọ́ ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń há. Káfíńtà ọ̀rẹ́ wọn tó wà ní ìparí bẹ́ńṣì gbé orí sókè.

“Ẹ̀n-ẹ́n! Àbájọ! Mo ti ń rò pé ọyẹ́ ló ń fún mi láyà.”

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ẹ̀rù ló bà mí ní tèmi. Lọ́jọ́ Ajé, mo kó àwọn márààrún lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mẹ́rin kò nílò ju awò ojú lọ. Káfíńtà ní glókómù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì fura rárá. Dókítà fún un ní oògùn mìíràn tí kò ní di èémí rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá mi bi mí pé, “Bí mi ò bá pín in, ta ni ì bá mú un wá?”

Mo gbé ìbéèrè náà lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Mo padà sídìí ìwé ìwádìí mi, mo pe àwọn tí mo ti kọ sílẹ̀ pé oògùn kò ràn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: “Ta lẹ̀ ń fún níbẹ̀?” Obìnrin kan láti Adjarra fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá ọkọ òun ló ń kọ́kọ́ gba tirẹ̀, kì í sì í ṣẹ́ kù. Orúkọ ń kúrò lójú ìwé, iṣẹ́ oṣù tó pọ̀ sì ń wó lọ lójú mi, inú mi sì ń dùn. Orúkọ kọ̀ọ̀kan tí mo bá fa ìlà lé lórí, ojú ẹnì kan tí oògùn ṣì lè gbà là ni.

Mo gba ìgò tuntun fún bàbá mi, mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ńṣì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti pé síbẹ̀, mẹ́rin wọ awò ojú, káfíńtà mú ìgò tirẹ̀ dání. Bàbá mi gbé ìgò sókè, wọ́n dúró, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kọjú sí bẹ́ńṣì.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ ṣaájú yín.”

Káfíńtà dáhùn pé, “Ẹ máa ṣaájú, ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ìjà.”

Oṣù tó tẹ̀lé e, omi inú ojú òsì náà rọlẹ̀. Bàbá mi ṣì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó kán oògùn sójú tiwọn, wọ́n á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.