Àtẹ́lẹwọ́ Olùkọ́ Orin

Ṣọ́ọ̀kì kì í tán ní àtẹ́lẹwọ́ olùkọ́ tó kọ́ wa lórin ní ilé-ìwé girama ní Òmù-Àrán. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀dá orin, ojú pátákó ni yóò kọ dò-rè-mí rẹ̀ sí. Èyí tí kò dára, olùkọ́ á fi í sílẹ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, kí gbogbo kíláàsì lè fi ẹni tó ni ín ṣẹ̀sín. Èyí tó bá dára, kíá ló máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

Ó nu tèmi.

Nígbà tí a ń ṣàjọyọ̀ Ìpínlẹ̀ Kwara tuntun, orin mi ni ẹgbẹ́ akọrin wa kọ. Orúkọ olùkọ́ ni wọ́n pè gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Mo tọ̀ ọ́ lọ.

"Sà, èmi ni mo ni orin yẹn."

"Ìwọ ta ni? Obìnrin a máa kọrin. Ta ló rí obìnrin tó ṣẹ̀dá orin rí? Lọ bá wọn pọnmi jàre!"

Àwọn tó rí mi nídìí pátákó lọ́jọ́ tí mo kọ orin náà síbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní a kì í bú òkú. Òkú yìí ló kọ́kọ́ bú mi. Lẹ́yìn ìsìnkú olùkọ́, mo lọ síbi sàréè. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fín ìbẹ̀rẹ̀ orin náà sára òkúta, lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún títí. Kò parẹ́.