Ojú Ìwé Tí Àwa Méjèèjì Ṣí

Mo jowú ọmọbìnrin kan tí kò ní kọ̀ǹpútà. Kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi fúyẹ́. Èmi ní láptọ̀ọ̀pù tèmi, mo sì ti ń kọ́ni níṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Ìkàrẹ́ láti ọdún mẹ́rin. Òun wá láti Epinmi, fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán ló mú wọ kíláàsì mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìlà kóòdù àkọ́kọ́ tó kọ láyé rẹ̀.

Orí láptọ̀ọ̀pù mi ni mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ kóòdù sí, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ mi ń gbé. Tirẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Inú bùráúsà, ojú tí èèyàn fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ti ń kọ tirẹ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń wo fíìmù. Á bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní kíláàsì, á tẹ̀ síwájú lórí fóònù nínú mọ́tò, á parí ẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá ti wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ á ti dúró dè é. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kíláàsì, mo ní kóòdù àyálò ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Àlájà tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ ṣí òmíràn ní Ọ̀kà. Ọ̀kà ni ilé mi. Tí wọ́n bá fi mí ṣe olórí ibẹ̀, mo bọ́ lọ́wọ́ mọ́tò àràárọ̀ nìyẹn, àwọn ará àdúgbò á sì mọ̀ pé láptọ̀ọ̀pù tí mo ń gbé kiri kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n Àlájà ní kí èmi àti ọmọbìnrin yìí, kálukú wa, kọ ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi forúkọ sílẹ̀, kí a gbé e wá ní Mọ́ńdè. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ló ń lọ. Èmi àti ọmọ tí mo kọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó fi lìnkì tí mo máa fi ṣí ojú ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Ìkàrẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di Mọ́ńdè."

Mo ṣí i nílé, ní Ọ̀kà. Ó dára. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń yẹ nọ́ńbà fóònù wò, tó bá dín tàbí tó lé, á sọ fún èèyàn jẹ́jẹ́ pé kó tún un kọ. Tèmi ń gba ohunkóhun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti fi ń wá bí mo ṣe máa ṣe é. Mo fa àwọn ìlà yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo pa wọ́n rẹ́.

Lórí láptọ̀ọ̀pù mi, tí mo bá pa nǹkan rẹ́, èmi nìkan ló mọ̀. Mi ò mọ̀ pé nínú bùráúsà yẹn, ẹni méjì lè wà lójú ìwé kan náà kí wọ́n máa wo ọwọ́ ara wọn. Àfi bí mo ṣe rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ pupa kan, irú èyí tó ń fi ibi tí èèyàn ń kọ̀wé sí hàn, tó ń ṣẹ́jú nísàlẹ̀ ibi tí mo wà, orúkọ ọmọbìnrin náà lórí rẹ̀. Mo wo igi tèmi. Orúkọ mi wà lórí òun náà kedere.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí yín. Ẹ ṣeun gan-an. Ibẹ̀ yẹn ò dá mi lójú. Ẹ máa kọ ọ́, mò ń wò yín kí n lè kọ́ ọ."

Ó rò pé ńṣe ni mo fẹ́ tún un kọ, ó dúró kó máa wò mí. Mo kọ ìlà kan, mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn, èmi fúnra mi mọ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́. Ojú tì mí. Ká ní ó bú mi, ǹ bá bú u padà, à bá sì parí ẹ̀ síbẹ̀. Níkẹyìn mo tẹ ohun tó ń dá nǹkan padà, àwọn ìlà rẹ̀ sì tún hàn bí wọ́n ṣe wà.

"Ṣé bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ dára ni?"

Mo kọ ọ́ pé, "Ó dára."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé láptọ̀ọ̀pù mi síwájú Àlájà. Kó tó fọwọ́ kàn án, ọmọbìnrin náà ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n ti bá mi yẹ tèmi wò, wọ́n ní ó dára."

Àlájà yíjú sí mi. "Ṣé lóòótọ́ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí olùkọ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń du ipò bá ti ní ó dára, kí ni mo tún wá ń wò nígbà náà?"

Ó dá láptọ̀ọ̀pù mi padà fún mi láì ṣí i, ó sì ní kí n bá ọmọ náà wá yàrá tó máa gbé ní Ọ̀kà, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni ọmọ ìlú.