Ìlà Tí Ṣéènì Fà

Káfíńtà ni mí. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ilé dákẹ́ jù. Mo bá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà nítòsí ibùdókọ̀ Benson, ní Ìkòròdú, àràárọ̀ Sátidé. Mo fẹ́ ní ìwé ẹ̀rí kan kí n tó pé ọgọ́ta ọdún.

Tíṣà ìṣirò wa kéré sí àkọ́bí mi. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa kọ ti ìjọba, ó ní kí la ń pe ìlà tí ṣéènì ń fà tí a bá fi ìṣó méjì gbé e kọ́, tó rọ̀ sílẹ̀. Mo kọ kátínárì. Ó fi báírò pupa fà á nù. Párábólà, ìlà míì tó jọ ọ́, ló fẹ́. Máàkì méjì ló sì kù kí n yege.

Kátínárì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó le. Ọmọ mi ti bá mi wá a lórí fóònù kí ìdánwò tó dé: ṣéènì gan-an ló túmọ̀ sí. Ìlà tí ìwúwo ara ṣéènì nìkan ń fà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, tí kò jókòó ní kíláàsì rí, ìlà yìí ló fi ń ya òkè fèrèsé mọ́ṣáláṣí. Á gbé ṣéènì kọ́ lára pákó, á fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé e, á wá dorí pákó kodò. Kò mọ orúkọ tó ń jẹ́. Àwọn fèrèsé náà kò tíì sán dòní.

Sátidé kejì, mo gbé pákó àti ṣéènì dé. Mo fi fọ́múlà Tíṣà fúnra rẹ̀ ya párábólà tó jìn dáadáa sórí pákó, mo kan ìṣó sí orí rẹ̀ méjèèjì, mo sì gbé ṣéènì kọ́ tí ìsàlẹ̀ wọn fi bára mu.

"Bàbá Káfíńtà, ta lẹ fẹ́ dè?" Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣéènì yọ kọjá ìlà Tíṣà lọ́tùn-ún lósì. Kò gba awò ojú kéèyàn tó rí i.

Tíṣà wò ó títí. "Bàbá, ṣéènì yín ló wọ́."

"Ẹ bá mi tọ́ ọ, sà."

"Ohun tó wà nínú nóòtì mi ni mo ń máàkì." Nóòtì ọ̀hún ti gbó, ọwọ́ ẹlòmíì ló sì kọ ọ́. "Ṣé ìwé ẹ̀rí lẹ fẹ́ ni, àbí ìjà? Ẹ kọ párábólà síbẹ̀, kí n fún yín ní méjì yín."

Mo kọ ọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ẹ̀ rí i? Ó ti ń yé yín báyìí, Bàbá."

Mo ní ẹ ṣeun, sà.